Ìpàdé Afálà àti Àjàyí Crowther ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, obìnrin kan tí ó ti tó nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Afálà, wọ Abẹ́òkúta láti ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àbàkà. Ọkùnrin kan nínú ẹbí ni ó bá a rìn. Ẹni tí wọ́n wá wá ni àlùfáà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà ní ọjọ́ 3 oṣù yẹn, tí ó ń kọ̀wé bí òyìnbó, tí ó sì ń fi èdè Yorùbá wàásù láìsí ògbufọ̀. Samuel Crowther ni àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Orúkọ tí ó mú wá láti ọ̀run, èyí tí Afálà mọ̀ ọ́n sí, ni Àjàyí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá àti ọmọ kò ti fojú kan ara wọn.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn tí wọ́n dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́ ni pé ogun pín ìyá àti ọmọ níyà, Ọlọ́run sì tún so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. N kò ní ìjà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Àjàyí fúnra rẹ̀ náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ohun tí ó wà ṣáájú ọjọ́ náà àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: pé ìyapa wọn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pé ìpàdé wọn ní ọ̀nà tí ènìyàn lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láàárín ogun àti òwò ìgbà náà, àti pé lẹ́yìn ìpàdé náà ìyá àti ọmọ ṣì wà láyé pọ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì tí àwọn onítàn sábà máa ń fò dá.

Ìwé méjì ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé jù lọ. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà gígùn tí Àjàyí kọ láti Fourah Bay ní Freetown ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837 sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fi ṣàlàyé bí ogun ṣe kó o àti bí ó ṣe dé Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Èkejì ni ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé náà gan-an. Ọmọ ni ó kọ méjèèjì. Afálà kò kọ ìwé kankan, nítorí náà gbogbo ohun tí a ń gbọ́ nípa rẹ̀, ẹnu ọmọ rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Ó tún yẹ kí a rántí ẹni tí a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí. Àwọn tí wọ́n rán ọmọ náà níwèé ni yóò kà á, ìdí nìyẹn tí ó fi kọ ọ́ pé ọjọ́ burúkú ni ọjọ́ tí ogun kó òun, ṣùgbọ́n pé wọ́n ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní apá ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a gba gbólóhùn náà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé nígbà tí ó dé orí okùn ọrùn àti orí ìyá rẹ̀, kò sí ìbùkún kankan nínú ọ̀rọ̀ tí ó lò.

Òṣoògùn

Òṣoògùn wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lábẹ́ Ọ̀yọ́ Ilé. Gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ṣe kà á, ènìyàn bí ẹgbẹ̀rún méjìlá ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn tí ó lè jagun nínú wọn tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún, odi ìlú náà sì ní ẹnubodè mẹ́fà. Ẹnubodè mẹ́fà pọ̀ fún ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́. Bàbá Àjàyí jẹ́ ahunṣọ. Afálà ní tirẹ̀, ìdílé ọba Ọ̀yọ́ ni wọ́n ka ìran rẹ̀ mọ́, láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún, ohun tí kò sì ràn án lọ́wọ́ lọ́nàkọnà ní ọjọ́ tí ogun dé.

Ọ̀yọ́ ti ń tú nígbà náà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó sì ti kó àwọn jagunjagun jọ sọ́dọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Nínú àwọn tí ó kọlu Òṣoògùn ní ọdún 1821, Àjàyí dárúkọ àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti irú àwọn ẹrú tí ó gba ara wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti tà rí wà lára àwọn tí ó wá kó ènìyàn láti tà. Ìgbà náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí apá kan nínú ìtàn yìí tí a lè fi í bú ẹ̀sìn kan tàbí ẹ̀yà kan láìpurọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìròyìn ogun dé, nígbà tí wọ́n ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin ìlú dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí àwọn ọ̀tá tó wọlé. Bàbá Àjàyí sá wá sílé láti fún wọn ní àmì pé kí wọ́n máa sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Afálà kó ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́ oṣù mẹ́wàá, ó sì tún mú ọmọ ẹbí kan mọ́ wọn, wọ́n forí lé igbó. Wọn kò lọ jìnnà kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Wọ́n sọ okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ara wọn bí ẹni so ewúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ti kọ ọ́, kí ọkùnrin kan ṣoṣo lè máa dà wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ń kúrò nílùú, iná ti ń jó ilé.

Lójú ọ̀nà, wọ́n rí ìyá àgbà rẹ̀ lókèèrè láàárín àwọn mìíràn tí wọ́n dè, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹbí mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi rí i, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀. Àjàyí kò tún rí i mọ́. Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún jẹ yọ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìyapa àkọ́kọ́ àti èkejì

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹrù. Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun, Afálà àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn mìíràn. Ó kọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ ké sókè, gbogbo ẹkún tí wọ́n lè sun kò ju kí wọ́n máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin kan. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹni tí ó gba ẹṣin ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà pẹ̀lú.

Àbùkù ara ẹṣin yìí ni ó jẹ́ kí ọmọ náà tún rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ àtijọ́ tún mú un rìn, wọ́n dé ìlú kan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Dah'dah, ibẹ̀ ni ó sì ti bá Afálà àti àbúrò rẹ̀ kékeré, tí àwọn náà ń sìnrú níbẹ̀. Ó ní ayọ̀ òun kò ṣeé fẹnu sọ. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ láti ilé olówó kan sí ilé olówó kejì. Ìyá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹni tí ó ni ín, tí kò sì sí èyí tí ó lè ṣèlérí ọ̀la fún ẹnì kejì: bí mo bá ní kí n mú apá kan nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a máa sọ fún ọmọdé ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ, oṣù mẹ́ta yìí ni. Lójijì ni wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìyẹn ni ìyapa kejì, òun sì ni ó gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un dé Ìjàyè, tí obìnrin Mùsùlùmí kan sì rà á. Obìnrin yìí ní ọmọkùnrin kan, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ rìn káàkiri. Ara ọmọ náà ti fẹ́ máa fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé obìnrin náà ń múra láti lọ sí ilẹ̀ Pópó. Gbogbo ẹrú ni ó mọ ohun tí Pópó túmọ̀ sí: etíkun, òyìnbó tí ń rà, àti omi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà padà. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá bẹ̀rẹ̀ sí gbèrò àtipa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òru ni ó fi ọ̀já rẹ̀ gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, tí ọkàn rẹ̀ kò sì gbé e láti fa kókó náà le. Ó tún pinnu pé bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, òun yóò bẹ́ sómi. Àìsàn dá a gúnlẹ̀, nígbà tí obìnrin náà sì rí i pé ara rẹ̀ ń joro, ó tà á kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Ọwọ́ sí ọwọ́ ni ó gbà lọ bẹ́ẹ̀. Ní ibì kan tábà àti ọtí líle pẹ̀lú àwọn ọjà mìíràn ni wọ́n fi rà á. Ó dé Èkó, ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọkùnrin àti ọmọkùnrin mọ́ ara wọn lọ́rùn. Nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ wá àyè láti sinmi, wọn a fa ẹ̀wọ̀n náà sọ́dọ̀ ara wọn, àwọn ọmọdé ni ìyà rẹ̀ sì máa ń jẹ jù.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ Àgùdà kan tí ń jẹ́ Esperança Felix, tí Àjàyí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrú tí gbogbo wọn jẹ́ 187, bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe orí-ire lásán. Láti ọdún 1815 ni ìjọba Àgùdà ti bá ti Gẹ̀ẹ́sì mulẹ̀ pé ọkọ̀ wọn kò ní ra ẹrú mọ́ ní apá àríwá ìlà tí ó dá ayé sí méjì, apá yẹn ni Èkó sì wà, nítorí náà àwọn ọkọ̀ ogun ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹrù ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbà kò mọ̀ pé a gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ Myrmidon, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá dúdú tí a tò jọ, wọ́n sì gbà pé ẹran ara àti orí ènìyàn ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn wò dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Freetown.

Ọ̀nà tí ó mú wọn pàdé

A lè yára kọjá lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àjàyí ní Sàró, nítorí òun ni apá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó kọ́ ìwé kíkà láàárín oṣù mẹ́fà, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sàmì fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ní orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, ó sì fẹ́ Asano, tí orúkọ ìsàmì rẹ̀ ń jẹ́ Susan, ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bí tirẹ̀. Ní ọdún 1841 ó bá àwọn tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí odò Ọya rìn. Ní ọdún 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì tẹ ìwé tí ó kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí jáde.

Apá tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni pé kò gbàgbé èdè. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n kó o, ó sì bọ́ sáàárín àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú bí tirẹ̀, àwọn tí ará Freetown ń pè ní Akú. Ní ọdún 1844 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn fún wọn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, bí wọ́n ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn lọ sí òdìkejì òkun, ìyá rẹ̀ ì bá rí i ní Abẹ́òkúta kí ó má sì lè bá a sọ̀rọ̀.

Láàárín ìgbà náà, ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílùú wọn tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Ìlú ààbò ni. Àwọn mìíràn tí kì í ṣe Ẹ̀gbá náà, àwọn ará Òwu àti àwọn ará ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ilé wọn ti jó, rọ́ wá síbẹ̀ àti sí ẹ̀bá rẹ̀. Afálà wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ta á láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ẹbí rẹ̀ san owó láti rà á padà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣoògùn ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti bímọ. Obìnrin tí ó ń rìn lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846 ti tún ilé kan kó jọ láti inú eérú, bẹ́ẹ̀ Àjàyí nìkan ni ó kù tí wọn kò rí. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ó jókòó sójú kan tí ó ń dúró de ọmọ kò ṣe é dáadáa.

Ohun kejì ni pé láti nǹkan bí ọdún 1839, àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Yorùbá mìíràn tí ó wà ní Freetown bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ padà wálé nípasẹ̀ Èkó àti Àgbádárìgì. Àwọn ni a wá ń pè ní Sàró. Títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dé, ìgbàgbọ́ àwọn tí ó wà nílé ni pé ẹni tí òyìnbó bá gbé wọ òkun ti kú, pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù kan náà tí Àjàyí ní nínú ọkọ̀ Myrmidon ni ìyá rẹ̀ ní nílé. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ti sunkún lé lórí bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìlú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n ń dárúkọ àdúgbò tí a bí wọn sí, ó di ohun tí ó bọ́gbọ́n mu láti máa wádìí. Kò sí ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní máa bi àwọn Sàró léèrè.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1844 ni Àjàyí, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kúrò ní Freetown pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer, àwọn òyìnbó ajíhìnrere C.M.S. méjì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ìròyìn sì dé pé Ṣódẹkẹ́, tí ó ti ṣèlérí láti gbà wọ́n, ti kú. Ọ̀nà sì tún dí, nítorí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Adó. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi há mọ́ Àgbádárìgì. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìyá ọ̀kan nínú wọn wà ní òpin ọ̀nà tí ó dí náà. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní ìparí oṣù keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1846. Láti ọjọ́ tí Àjàyí wọlé títí di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ kò ju ọjọ́ méjìdínlógún lọ. Ìròyìn ọmọ Òṣoògùn tí ó di àlùfáà kò pẹ́ kí ó tó gba ọjà dé Àbàkà.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ

Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì tí ó bọ́ sí ọjọ́ yẹn nínú kàlẹ́ńdà wọn, pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, ó sì ní òun kò mọ agbára ẹsẹ náà rí bí ti ọjọ́ yẹn. Bàbá ni ẹsẹ náà dárúkọ, ìyá ni ó wọlé. Èmi kò rò pé ó ṣèèṣì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bàbá tí ó fún wọn ní àmì pé kí wọ́n sá kò sí lára àwọn tí ó padà.

Nígbà tí Afálà rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ńláńlá sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà tí ó ti rù. Èrò pé jọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń fi àwọn orúkọ pè é tí Àjàyí mọ̀ dáadáa, tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi kì í nígbà tí ó wà ní kékeré. Ibẹ̀ ni ó ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá àgbà náà ti kú sínú oko ẹrú. Ẹni tí wọ́n rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀nà ní ọdún 1821 kò jáde kúrò nínú okùn náà mọ́, àwọn orúkọ tí ó fi ń pe ọmọ nìkan ni ó dé Abẹ́òkúta.

Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń yọjú wo ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwò tí Àjàyí ní ipá àti ìnilára ti sé mọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí gígùn ọdún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìfẹ́ inú rẹ̀. Gbólóhùn yìí ni mo kà sí òótọ́ jù nínú gbogbo ohun tí ó kọ ní ọjọ́ náà, nítorí ó rọrùn fún ajíhìnrere tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti sọ pé ìfẹ́ kò yẹ̀. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọkùnrin tí ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlógójì jókòó ti obìnrin tí ó rí kẹ́yìn nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, àwọn méjèèjì sì ní láti tún ara wọn mọ̀. Ó parí rẹ̀ pé ìgbà tí gbogbo wíwá ti já sí asán ni Ọlọ́run kó wọn jọ láìwá.

Lẹ́yìn ìpàdé

Afálà wọ inú ìgbé ayé ọmọ rẹ̀ tuntun. Ó bá ìyàwó tí kì í ṣe òun ni ó bá a wá, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ àjèjì. Ní oṣù kejì ọdún 1848, ó wà lára àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sàmì fún ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, nítorí ó jẹ́ ìyá Sámúẹ́lì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ Ọlọ́run fi ibẹ̀ ṣe òpin ìtàn náà, ṣùgbọ́n ayé kò jẹ́ kí wọ́n sinmi tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Gẹ́zò, ọba Dahomey, dé ìdí odi Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ẹni tí ogun ti kó lọ láti inú odi kan rí mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí odi yìí bá wó, kò sì pé ọdún márùn-ún tí ó yà ọjọ́ náà sí ọjọ́ tí ìyá àti ọmọ pàdé.

Lẹ́yìn náà ni ìyapa kẹta, tí kò ní okùn nínú. Ní ọdún yẹn Àjàyí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá fún Ọbabìnrin Victoria. Láti ọdún 1857 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀níṣà lẹ́bàá odò Ọya, ó sì di ẹni tí iṣẹ́ ń gbé lọ fún ìgbà pípẹ́ láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Henry Leeke tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ní ọdún 1822 sì wà níbẹ̀ láti wò ó. Ohun tí wọn kì í sábà sọ mọ́ ọn ni pé Townsend àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere mìíràn kò fẹ́ wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ni wọ́n ṣe yọ Abẹ́òkúta kúrò nínú agbègbè tí wọ́n fi fún un. Ìlú tí ó ti rí ìyá rẹ̀, tí ó sì ti sàmì fún àwọn àkọ́bí ìjọ, kò sí lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ka èyí kí n má rí i bí ìwọ̀sí.

Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjèèjì, tí wọ́n jìyà ohun kan náà láti Òṣoògùn, tí wọ́n sì padà bá ìyá wọn ṣáájú rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni wọ́n gbà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà: pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Àbàkà, tí ó ń tọ́jú wọn àti àwọn ọmọ wọn. Okùn kan náà ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ̀wé.

Afálà kú ní Èkó ní ọdún 1883, ó ti ju ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọmọ rẹ̀ náà ti lé ní àádọ́rin, ó ti ní ọmọ-ọmọ, títí di ọdún yẹn ni ó sì ní ẹni tí ó lè pè é ní Àjàyí láìfi oyè kún un. Afálà kò sí láyé mọ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé pàdé ní Ọ̀níṣà ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, tí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ Àjàyí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, tí arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ ọ̀hún sílẹ̀. Òun náà kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.